Obokun Inú Omi Aiba: Lámèyítọ́ lórí Orúkọ Tí Ẹja, Ọba àti Ìlú Jọ Ń Jẹ́

Ní ọdún 2011, O. E. Atobatele àti A. O. Ugwumba gbé iṣẹ́ ìwádìí kan jáde nínú Revista de Biología Tropical, ìwé àtìgbàdégbà ìmọ̀ ohun abẹ̀mí tí wọ́n ń tẹ̀ ní Costa Rica. Ẹja méjì ni iṣẹ́ náà dá lé lórí, Chrysichthys nigrodigitatus àti Chrysichthys auratus, ibi tí a sì ti kó wọn ni adágún omi Aiba ní Ìwó, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ohun tí àwọn ẹja náà ń jẹ àti bí ara wọn ṣe le tó ni àwọn onímọ̀ náà wò. Bí a bá kọ́kọ́ gbé e yẹ̀ wò, kò jọ pé ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ó kan onímọ̀ èdè. Ṣùgbọ́n àkọ́kọ́ nínú ẹja méjèèjì yìí ní orúkọ Yorùbá tí àwọn ìwé ìmọ̀ ẹja ní Nàìjíríà máa ń tò sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ Látìnì rẹ̀: Obokun. Báyìí ni wọ́n máa ń kọ ọ́, láìsí àmì ohùn, láìsí àmì abẹ́ lẹ́tà. Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí ó bá bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé nínú àtẹ kò ní kọ́kọ́ ronú kan ẹja. Iléṣà ni ọkàn rẹ̀ yóò lọ.

Mẹ́ta ni ohun tí ó ń jẹ́ Obokun nínú àkọsílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹja ni èkíní. Èkejì ni oyè ọba Iléṣà, Ọwá Obòkun Adìmúlà. Ẹ̀kẹta ni ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìbòkun jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, tí Ìmẹ̀sí-Ilé, Ọ̀tan-Ilé, Ìlarè àti àwọn ìlú mìíràn sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ènìyàn, ilẹ̀ àti ẹja ló jọ ń jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo yìí lójú ẹni tí ó ń kà á nínú ìwé. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ara ẹni ni bóyá orúkọ kan náà ni lóòótọ́, tàbí lẹ́tà mẹ́fà kan náà lásán ni.

Ìtàn tí ó bí oyè Ọwá kò ṣàjèjì. Ojú Odùduwà fọ́. Omi òkun ni a ní yóò là á. Ajíbógun ni ọmọ tí ó gbà láti lọ bu omi náà wá. Ó pẹ́ kí ó tó dé. Nígbà tí ó fi máa dé, bàbá rẹ̀ ti pín ogún fún àwọn ọmọ yòókù, idà ni ó sì kù fún un. Láti inú iṣẹ́ tí ó lọ jẹ́ yìí ni a ti ń pè é ní Obòkun, ẹni tí ó bu òkun. Bí a bá fi òye gírámà wo ìtumọ̀ yìí, ó dúró. Fáwẹ̀lì inú ọ̀rọ̀-ìṣe bu ni a pa jẹ níwájú òkun, ohùn ìsàlẹ̀ orí òkun kò sì lọ síbì kan, òun ni ó wà lórí sílébù kejì Obòkun. Ohùn òkè tí ó wà lórí ó nínú gbólóhùn ó bu òkun kò lè dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ, nítorí ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá àjùmọ̀lò kì í fi fáwẹ̀lì olóhùn òkè bẹ̀rẹ̀. Ohùn àárín ni ó di. Orúkọ Ìbòkun náà gba ọ̀nà kan náà kọjá, ì- ni ó ṣíwájú bu àti òkun níbẹ̀.

Ẹja yìí ńkọ́? Ọ̀bọ̀kún ni. Ohùn ìsàlẹ̀ méjì tẹ̀ lé ara wọn, ohùn òkè sì parí rẹ̀. Fáwẹ̀lì ọ ni ó wà nínú sílébù àkọ́kọ́ àti èkejì, kì í ṣe o. Láàárín Obòkun àti ọ̀bọ̀kún, kò sí sílébù kan tí ó bára mu délẹ̀: ti àkọ́kọ́ yàtọ̀ ní fáwẹ̀lì àti ohùn, ti èkejì yàtọ̀ ní fáwẹ̀lì, ti ẹ̀kẹta yàtọ̀ ní ohùn. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá kò lè gbọ́ ọ̀kan kí ó pè é ní èkejì. Inú ìwé nìkan ni wọ́n ti pàdé, ẹni tí ó mú wọn pàdé sì ni akọ̀wé tí ó fi àmì sílẹ̀.

Síbẹ̀, ìdẹwò ńlá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì yẹ kí a gbà pé ìdẹwò ni. Òkun wà nínú ìtàn Ajíbógun. Inú omi ni ẹja ń gbé. Kí ni ó ku fún atúmọ̀ orúkọ ju kí ó sọ pé inú akèrègbè tí ọmọ Odùduwà gbé bọ̀ ni ẹja náà wà, tàbí pé ẹja náà ni ó fi ọ̀nà òkun hàn án, tàbí pé èèwọ̀ ìdílé ọba ni? Irú àlàyé báyìí kì í pẹ́ gbilẹ̀. Ó dùn, ó rọrùn láti rántí, ó sì máa ń dà bí ìtàn àtẹnudẹ́nu tí ó ti wà láti ìgbà láéláé bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ni ẹnì kan hun ún. Àwọn onímọ̀ ẹja ni wọ́n lè gba ni lọ́wọ́ rẹ̀ níhìn-ín. Láti Senegal títí dé Angola ni ẹja yìí ń gbé, nínú odò, nínú adágún omi, nínú ọ̀sà tí omi iyọ̀ àti omi dídùn ti ń dàpọ̀. Ẹja tí ó ní ilé tó báyìí kò dúró de ọba kan ní Iléṣà kí ó tó ní orúkọ. Àwọn tí ń pa á ní etí ọ̀sà kò ní ìdí tí wọn yóò fi ti ibẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ilẹ̀ tí kò ní etíkun, kí wọ́n tó mọ ohun tí wọn yóò máa pè é.

Ohun kan wà tí ó tún mú ọ̀rọ̀ náà díjú. Kì í ṣe ohun tí ó ṣọ̀wọ́n láti rí oyè Ọwá tí a kọ ní Ọbọ̀kun, pẹ̀lú àmì abẹ́ lẹ́tà. Bí ó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni a ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn Ìjẹ̀ṣà kan, nígbà náà ẹni tí ó di ìtumọ̀ ‘ó bu òkun’ mú ní láti ṣàlàyé bí o ṣe di ọ ní ibi méjì, kò sì gbọdọ̀ fò ó dá. Bí ó bá sì jẹ́ pé láti inú ìwé ni Ọbọ̀kun ti jáde, láti ọwọ́ ẹni tí ó bá Obokun tí kò ní àmì pàdé tí ó sì fi àmì tí ó rọrùn lójú rẹ̀ sí i, nígbà náà ẹja ti ń jẹ oyè ọba díẹ̀díẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni a fi lè mọ èyí tí ó ṣẹlẹ̀: kí a gba ohùn sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tí ń pe orúkọ náà láti ìran dé ìran, kí a sì ṣe é kí a tó ṣí ìwé atúmọ̀-èdè. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lórí orúkọ ìlú ni ó ń gba ọ̀nà kejì, ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣí.

Kì í sì í ṣe pé kí a wá sọ pé kò sí ìbátan láàárín ohunkóhun. Ìjọba ìbílẹ̀ Obòkun gba orúkọ rẹ̀ láti inú ìtàn Ajíbógun gan-an. Ìbátan rẹ̀ pẹ̀lú oyè Ọwá jẹ́ ti ìran, kì í ṣe ti àṣìkọ. Nínú Obokun mẹ́ta, méjì jẹ́ ọmọ ìyá, ẹ̀kẹta jẹ́ àlejò tí ó kàn wọ irú aṣọ kan náà. Lámèyítọ́ tí ó bá sọ pé gbogbo ìjọra orúkọ jẹ́ àkọsẹ̀bá ti ṣe irú àṣìṣe tí ẹni tí ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀ ṣe. Kò yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìwó àti àwọn tí ó jọ ọ́

Ìlú tí a ti kó ẹja náà kò bọ́ lọ́wọ́ wàhálà yìí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá tẹ iwo sínú ẹ̀rọ ìṣàwárí orí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tí ó máa rí yóò yà á lẹ́nu. Yóò rí ìlú Ìwó. Yóò rí Iwo Jima, erékùṣù Japan tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti ti Japan ti jà láti oṣù Èrèlé sí oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1945, tí ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ jẹ́ erékùṣù imí ọjọ́. Ní ọdún 2007 ni ìjọba Japan dá ọ̀nà ìpè àtijọ́ rẹ̀ padà sí Iōtō. Yóò rí àwọn ọkùnrin Poland tí ń jẹ́ Iwo, orúkọ tí ó jẹ́ ẹ̀ka kan náà pẹ̀lú Yves ti ilẹ̀ Faransé. Kò sí ẹni tí yóò so Ìwó mọ́ àwọn wọ̀nyí, wọ́n jìnnà jù. Ewu wà níbi tí ilẹ̀ bá ti súnmọ́ra.

Ní ọdún 1965, Thurstan Shaw àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ wú egungun orí ènìyàn jáde nínú ihò àpáta kan nítòsí Ìsàrun, nínú ohun tí ó di Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́tàlá ni a fojú bù fún egungun náà, ìrísí rẹ̀ sì ṣàjèjì tó bẹ́ẹ̀ tí Katerina Harvati àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi tún un gbé yẹ̀ wò nínú PLoS ONE ní ọdún 2011, ọdún kan náà tí iṣẹ́ lórí ẹja Aiba jáde. Orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ ibẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ ni Iwo Eleru. Ihò Eléérú ni ó yẹ kí ó jẹ́, ihò tí ó ní eérú. Kì í ṣe àmì nìkan ni ó sọnù níhìn-ín. Kọ́ńsónáǹtì h di w, ihò di iwo, eléérú sì di ohun tí a lè kà sí eléru tàbí ẹlẹ́rú bí ó bá ti wu olùkà. Ó ti tó ọdún díẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Ihò Eléérú, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n ohun tí a ti tẹ̀ láti àwọn ọdún 1960 kò ṣeé gbà padà. Bí ẹnì kan bá jókòó ní Ìwó lọ́la, tí ó ń kọ ìtàn ìlú, tí ó sì rí i nínú ìwé òyìnbó pé a wú egungun ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́tàlá jáde ní Iwo, kí ni yóò dá a dúró? Ẹni tí ó mọ bí a ṣe ń kọ ìtàn ìlú kò ní sọ pé èyí kò lè ṣẹlẹ̀.

Nínú Yorùbá fúnra rẹ̀, lẹ́tà mẹ́ta yìí ń gbé ẹrù tí ó pọ̀. Ìwo wà lórí àgbò. Ìwọ ni ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀. Ìwọ́ wà ní inú ikùn. Ìwọ̀ sì ni irin tí a fi ń pẹja, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá ń fi ìwọ̀ pa ọ̀bọ̀kún ní Ìwó ń ṣe iṣẹ́ kan tí a lè kọ tán láìsí àmì tí kò sì ní yé ẹnikẹ́ni. Ìwó, ní tirẹ̀, kò jẹ́ ìkankan nínú wọn. Ìlú ni, ìlú odídẹrẹ́, ìlú etí odò Ọbà, ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn òkè ni ó sì ń fi í hàn. Ìwó Road tí ó wà ní Ìbàdàn náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ó sì ní ìdí: ojú ọ̀nà tí ó lọ sí Ìwó ni. Èyí tún jẹ́ ìbátan tòótọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń wọkọ̀ níbẹ̀ lójoojúmọ́ kò dé Ìwó rí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni orúkọ oyè. Olúwòó ni ọba Ìwó, olú àti Ìwó ni a pa pọ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ orí Ìwó kò parẹ́ nígbà tí fáwẹ̀lì rẹ̀ lọ, òun ni a ń gbọ́ nínú ìparí ọ̀rọ̀ náà tí ó mú kí àwọn akọ̀wé kan fa fáwẹ̀lì náà gùn. Olúwo, láìfa fáwẹ̀lì, ni oyè àgbà láàárín àwọn babaláwo àti nínú Ògbóni. Olú àti awo ni ó wà nínú rẹ̀. Oyè méjì tí kò bá ara wọn tan ni wọ̀nyí. Nínú ìwé ìròyìn tí kò fi àmì sí ọ̀rọ̀, Oluwo ni méjèèjì. Ní ìlú tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ bí ó ti rí ní Ìwó, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré pé kí olùkà tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn máa rò pé orúkọ oyè awo ni ọba ìlú náà ń jẹ́.

Ẹlòmíràn tún wà níbẹ̀. Ìtàn Ìwó sọ pé Telu, ọmọ Lúwòó, ni ó ti Ilé-Ifẹ̀ jáde tí ìran rẹ̀ fi dé ibi tí ìlú wà. Lúwòó ni obìnrin tí ìtàn Ifẹ̀ sọ pé ó jẹ Ọọ̀ni. Lúwòó, Olúwòó: etí pàápàá gbọ́ ìjọra níbí, kì í ṣe ojú nìkan. Àmì ohùn kò ràn wá lọ́wọ́ láti ya àwọn méjì yìí sọ́tọ̀. Ó rọrùn nígbà náà láti sọ pé láti ara orúkọ ìyá ni oyè ọba ti jáde, pé Ìwó fúnra rẹ̀ ti ibẹ̀ wá, kí a sì fi ìjọra náà ṣe ẹ̀rí pé ìtàn Telu jẹ́ òótọ́. Èyí ni ó yẹ kí a kọ̀. Ìdí tí a fi kọ̀ ọ́ kò túmọ̀ sí pé ìtàn Telu kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìtàn náà dúró lórí oríkì, lórí àkọọ́lẹ̀ ìdílé, lórí ohun tí Ilé-Ifẹ̀ àti Ìwó jọ ń sọ nípa ara wọn. Bí a bá wá gbé e kúrò lórí ìwọ̀nyí tí a gbé e ka orí ìró orúkọ, orí ohun tí ó lè wó ni a gbé e kà. Ẹni tí ó bá fi hàn lọ́la pé olú àti Ìwó ni ó bí Olúwòó yóò rò pé òun ti wó ìtàn Telu, nígbà tí ó jẹ́ pé àtìlẹ́yìn tí kò wúlò ni ó yọ kúrò.

Ohun tí ohùn lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe

Títí dé ìhín, ó lè dà bí ẹni pé bí a bá ti fi àmì ohùn sí gbogbo orúkọ, ìṣòro ti parí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àpẹẹrẹ tí ó burú jù nínú ìtàn ìtumọ̀ orúkọ Yorùbá fi hàn pé àmì ohùn lè dá ìtumọ̀ dúró, kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Samuel Johnson, nínú The History of the Yorubas tí ó parí ní 1897 tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921, gbé ìtumọ̀ kan kalẹ̀ fún orúkọ Ìjẹ̀ṣà: ìjẹ òrìṣà, oúnjẹ àwọn òrìṣà. Ohun tí ó so mọ́ ọn ni pé àwọn ènìyàn tí a kó jọ láti fi rúbọ ni ìpilẹ̀ wọn. Bí a bá gbé ìtumọ̀ yìí sórí òṣùwọ̀n tí a gbé Obòkun àti ọ̀bọ̀kún sí, yóò yege. Òrìṣà di òòṣà, a pa fáwẹ̀lì rẹ̀ jẹ lẹ́yìn ìjẹ, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúró lórí ẹ, Ìjẹ̀ṣà jáde. Kò sí òfin fonọ́lọ́jì Yorùbá tí ó ṣẹ̀. Ṣé ìtumọ̀ náà wá jẹ́ òótọ́ nìyẹn? Ohun tí fonọ́lọ́jì sọ ni pé ó ṣeé ṣe. Ẹgbẹ̀rún nǹkan ni ó ṣeé ṣe. Johnson jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́, ìran Aláàfin Abíọ́dún, ó sì wà lára àwọn tí a rán níṣẹ́ àlàáfíà nígbà ogun Kírìjì, ogun tí Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì fi kọjú sí Ìbàdàn láti 1877. Kò pọn dandan kí a fẹ̀sùn kàn án pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ba orúkọ jẹ́. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ tí ó sọ gbogbo ẹ̀yà kan di ẹran ìrúbọ kì í ṣe ohun tí a gbọdọ̀ kà láì béèrè ta ni ó ń sọ ọ́, nígbà wo, nípa ta ni. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde, a ṣì ń rí i nínú iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gẹ́gẹ́ bí òtítọ́ tí kò ní àríyànjiyàn, lẹ́bàá ìtàn Ajíbógun tí ó sọ òdìkejì rẹ̀: ìkan sọ pé ọmọ Odùduwà ni olórí wọn, èkejì sọ pé ìjẹ òrìṣà ni gbogbo wọn.

J. Olumide Lucas gbé irú ọ̀nà yìí dé òpin rẹ̀ ní 1948 nínú The Religion of the Yorubas, níbi tí ó ti fi ìjọra ọ̀rọ̀ so ẹ̀sìn Yorùbá mọ́ ti Íjíbítì àtijọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ń fi wéra, àwọn tí a mọ ohùn wọn ni ti ọwọ́ ọ̀tún, àwọn tí a kò mọ fáwẹ̀lì wọn pàápàá dájú ni ti ọwọ́ òsì. Pẹ̀lú irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀, èdè wo ni kò ní jọ èdè wo?

Ohun tí ó yẹ kí a béèrè kò pọ̀. Ǹjẹ́ ohùn àti fáwẹ̀lì gbà á? Bí wọn kò bá gbà á, ọ̀rọ̀ tán, bí ó ti tán láàárín ẹja àti ọba. Bí wọ́n bá gbà á, ẹ̀rí mìíràn ni a ń wá báyìí, láti ìta orúkọ fúnra rẹ̀: oríkì, èèwọ̀, ìdílé, ọjọ́ orí ìlú, ohun tí aládùúgbò ń sọ. Ìwádìí bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà yẹn ni. Ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn ìlú ni ó parí síbi tí ó yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ẹranko yanjú ọ̀rọ̀ tiwọn pẹ̀lú òfin. Nínú òfin àgbáyé tí wọ́n fi ń sọ ẹranko lórúkọ, ẹ̀yà ẹranko méjì kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ kan. Èyí tí ó kọ́kọ́ jáde ní ó ni ín, èkejì yóò wá òmíràn. Lacepède ni ó ṣe àpèjúwe ọ̀bọ̀kún ní 1803, inú Pimelodus ni ó sì kọ́kọ́ tò ó sí kí a tó gbé e lọ sí Chrysichthys, orúkọ tí ó túmọ̀ sí ẹja wúrà. Nigrodigitatus jẹ́ oníka dúdú. Fàdákà ni àwọ̀ ẹja yìí súnmọ́, kò sì ní ìka kankan, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò ṣeé yí mọ́. Jíjẹ́ tirẹ̀ nìkan ni ó ṣe pàtàkì, bóyá ó bá a mu kò jẹ́ nǹkan kan. Òfin náà pàápàá ní ibi tí ó mọ. Òfin ẹranko kò de ti ewéko, ìdí nìyẹn tí Oenanthe fi jẹ́ ẹyẹ lọ́wọ́ àwọn kan tí ó sì jẹ́ ewéko lọ́wọ́ àwọn mìíràn.

Yorùbá kò fi òfin de orúkọ. Ọ̀nà mìíràn ni ó gbà. Nígbà tí Ìpetu pọ̀, ọ̀kan di Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ọ̀kan di Ìpetu-Ilé, ọ̀kan di Ìpetumodù. Ìmẹ̀sí-Ilé wà, Ìmẹ̀sí-Lásìgìdì wà. Ìjẹ̀bú-Òde kì í ṣe Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. A gbà kí ìlú méjì jọ jẹ́ orúkọ kan, a kàn fún ìkọ̀ọ̀kan ní ohun tí a ó fi dá a mọ̀, orí ilẹ̀, ìran tàbí aládùúgbò. Níbi tí ènìyàn bá wà, oríkì ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Níbi tí ẹja, irinṣẹ́ àti ìlú bá ti fẹ́ dàpọ̀, ohùn ni ó ń yà wọ́n. Ètò tí ó péye ni, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan òfin ìsọlórúkọ. Bí a bá yọ ohùn kúrò nínú ìkọsílẹ̀, ìdajì ètò náà ni a yọ.

Ẹni tí ó yọ ọ́ kò ní àwáwí tí ó lágbára. Ìpàdé lórí àkọtọ́ Yorùbá ti wáyé ní Èkó ní 1875. Ìwé Ayọ̀ Bámgbóṣé lórí àkọtọ́ jáde ní 1965. Ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ní 1974. Ìwó fúnra rẹ̀ ni Yunifásítì Bowen wà, orúkọ Thomas Jefferson Bowen ni a sì fi sọ ọ́, ẹni tí gírámà àti ìwé atúmọ̀-èdè Yorùbá rẹ̀ jáde láti ọwọ́ Smithsonian ní 1858. Bowen mìíràn wà ní Queensland ní Australia, ìlú tí a fi orúkọ gómìnà kan sọ. Inú èdè Welsh ni orúkọ náà ti wá, ọmọ Owen ni ó túmọ̀ sí, kò sì sí ẹni tí ó tíì sọ pé ìran kan náà ni wọ́n. Ó ṣe ni láàánú pé ìlú tí ó ní irú orúkọ yìí nínú ọgbà rẹ̀ wà lára àwọn ibi tí a ti ń kó ẹja lọ sínú ìwé ìmọ̀ àgbáyé pẹ̀lú orúkọ Látìnì tí ó pé délẹ̀, nígbà tí orúkọ Yorùbá ẹja kan náà ń wọ inú àtẹ láìní ohùn.

Ìṣòro ẹ̀rọ wà pẹ̀lú, kò sì yẹ kí a fojú kéré rẹ̀. Nínú ètò Unicode, lẹ́tà bí ọ̀ àti ẹ́ kò ní ààyè tiwọn ní odidi. Àmì méjì tàbí mẹ́ta ni a ń kó jọ láti kọ wọ́n, bí a bá sì ti kó wọn jọ ní ọ̀nà tí ó yàtọ̀, ẹ̀rọ ìṣàwárí lè má mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. Nítorí èyí ni àwọn kan fi ń bọ́ àmì kúrò nínú àkọlé iṣẹ́ wọn, kí a lè rí i. Wọ́n ń rí i lóòótọ́. Ohun tí a ń rí ni Obokun, ẹja, ọba àti ìlú papọ̀ nínú àwọ̀n kan.

Onímọ̀ ẹja kò ní ẹ̀bi tí ó pọ̀ nínú èyí. Orúkọ Yorùbá kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ onímọ̀ Yorùbá ni. Orúkọ ẹja, ewéko àti ẹyẹ wà lára ohun tí àwọn iṣẹ́ lórí orúkọ máa ń fò jù, nítorí orúkọ ènìyàn àti ti ìlú ni ó gbayì. Babalọlá àti Àlàbá ṣe ìwé atúmọ̀ orúkọ ènìyàn ní 2003, iṣẹ́ ńlá ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kan pẹ̀lú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ní etí omi kan ní Ìwó fún oṣù díẹ̀, tí ó bá béèrè orúkọ ẹja kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ apẹja àti lọ́wọ́ ìyálọ́jà tí ń tà á, tí ó kọ ohùn àti fáwẹ̀lì rẹ̀ bí wọ́n ṣe pè é, tí ó sì fi orúkọ Látìnì tì í, yóò ṣe ohun tí yóò wúlò fún ẹ̀ka ìmọ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí omi náà fúnra rẹ̀. Nínú àkọlé iṣẹ́ ọdún 2011, Aiba ni wọ́n kọ, bẹ́ẹ̀ ni a sì ṣe kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Lójú ẹni tí ń kà á, ó lè jẹ́ àìbá, tí a kò bá. Ó lè jẹ́ àìba, tí kò fara pamọ́. Ó lè jẹ́ àìbà, ibi tí ẹyẹ kò ti bà. Ó sì lè má jẹ́ ìkankan nínú wọn. Ìtàn mẹ́ta ti wà nílẹ̀ báyìí fún ẹni tí ó bá fẹ́ hun ún. Ẹni tí ó ń ju àwọ̀n sínú omi náà ní òwúrọ̀ ń pe orúkọ rẹ̀ bí ó ti yẹ, ó sì lè pè é lẹ́ẹ̀kan sí i fún ẹni tí ó bá mú bírò dání.